Ìrìn-àbẹ̀wò ẹlẹ́sẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́

Ìrìn-àbẹ̀wò ẹlẹ́sẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ ni bí àlejò ṣe ń fẹsẹ̀ rìn ní àárín ìlú, tí ẹni tó mọ ìlú ń ṣíwájú rẹ̀, láti ojúde ààfin Aláàfin lọ sí ọjà Akẹ̀sán, kí wọ́n tó yà wọ àwọn agbo ilé oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀yọ́ tí à ń wí yìí ni Ọ̀yọ́ òde òní, tó wà ní nǹkan bíi 50 kìlómítà sí àríwá Ìbàdàn. Ó yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú àtijọ́ tó di ahoro ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò sí ipa ọ̀nà kan pàtó tí gbogbo afinimọ̀nà ń tọ̀. Agbo ilé tí afinimọ̀nà ti wá àti àwọn tó mọ̀ nínú ọjà ló sábà ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ máa yà sí, ṣùgbọ́n ààfin àti ọjà kì í yẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìtẹ̀dó ìlú

Àgọ́ Ọ̀jà ni wọ́n ń pe ibẹ̀ kí ó tó di Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Ìlọrin tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní àwọn ọdún 1830, Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, gorí oyè ní Àgọ́, ó sì sọ ibẹ̀ di olú ìlú. Ó kó àwọn ará ìletò ìtòsí wọ ìlú kí èrò lè pọ̀, ó sì tún oyè ààfin tò bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun ló fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, tó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé gbé orúkọ ọjà àti orúkọ ojúbọ wọn dání bọ̀: Akẹ̀sán ti wà ní ìlú àtijọ́ kó tó wà níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni Kọ̀sọ. Nítorí náà, ìlú tí kò tíì pé 200 ọdún ni àlejò ń rìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń rí dàgbà jù ú lọ fíìfíì.

Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Ní oṣù Bélú ọdún 1895, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Ọ̀gágun Bower yìnbọn àgbá lu ìlú náà.

Ààfin

Ojúde ààfin ni ìrìn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ààfin kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àgbàlá lóríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, àwọn kan sì wà nínú wọn tí àlejò kò lè dé rárá. Ohun tí ẹni tó fẹ́ràn ilé kíkọ́ ìbílẹ̀ yóò wò dáadáa ni kọ̀bì, ìyẹn ìloro olórùlé gíga tó yọrí síta lára ògiri, tí òpó gbé dúró. Àmì ipò ni kọ̀bì jẹ́. Ilé ọba ló ti ń pọ̀, ìjòyè ńlá lè ní i nílé, mẹ̀kúnnù kò sì gbọdọ̀ dán an wò. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin láyé àtijọ́. Àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ló ń rù ú wá lọ́dọọdún, òun ló sì di ọdún Bẹẹrẹ. Páànù ló gba ipò koríko báyìí, símẹ́ńtì sì ti bo ògiri amọ̀ ní ibi púpọ̀.

Láti ìgbà Àtìbà, ìdílé méjì ló ń jẹ oyè Aláàfin: Agúnlóyè àti Alówólódù. Ọba Làmídì Ọláyíwọlá Adéyẹmí Kẹta wà lórí ìtẹ́ láti 1970 títí ó fi wàjà ní oṣù Igbe ọdún 2022. Ọba Abímbọ́lá Akeem Owóadé ló gorí ìtẹ́ ní 2025. Àwọn méje tí wọ́n ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan ọba: Baṣọ̀run, Àgbààkin, Sàmù, Alápìíni, Lágùnà, Akínikú àti Aṣípa. Afinimọ̀nà tó bá ní àyè lè mú àlejò kọjá níwájú ilé ìjòyè kan tàbí méjì nínú wọn.

Onílù àti arọ́kin

Kí àlejò tó rí ohunkóhun ní ààfin, ìlù á ti kí i. Àwọn onílù máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń fi ìyáàlù dùndún kéde ẹni tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá mọ ilé tó ti wá, wọ́n á fi oríkì rẹ̀ kún un. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í sáré kọjá níbẹ̀. Á dúró, á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù náà tán, á sì sọ ohun tó wí fún àlejò kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ó yẹ kí èyí gba àkókò ju àwòrán yíyà lọ, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó mú ààfin yìí yàtọ̀ kò sí lára ògiri rẹ̀ mọ́. Etí ni ènìyàn fi ń bá a pàdé.

Ẹbí dùndún tí àlejò lè bá pàdé nìyí: ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, kànnàǹgó àti gúdúgúdú tí kì í ní ọṣán, ìyẹn okùn awọ tó yí ara ìlù ká, bíi ti àwọn yòókù. Igi apá tàbí igi ọ̀mọ̀ ni àwọn agbẹ́lù sábà máa ń lò fún ara ìlù, nítorí pé wọ́n gbà pé igi náà ń dún. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi bo ojú rẹ̀. Ọṣán ni onílù ń fún mọ́ra tàbí tú sílẹ̀ tí ohùn fi ń lọ sókè tó sì ń wá sílẹ̀, ṣaworo, ìyẹn agogo wẹ́wẹ́ tó yí ojú ìyáàlù ká, sì ń fi ariwo tirẹ̀ kún un. Ọmọ Àyàn ni àwọn onílù, orúkọ wọn sì máa ń fi èyí hàn: Àyándélé, Àyánwálé, Àyánkúnlé. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìlù, ó dára kí àlejò béèrè pé kí wọ́n lu èyí tí wọn kò tíì fa awọ rẹ̀ le àti èyí tó ti gbẹ tán. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò ṣeé ṣàlàyé lẹ́nu lásán.

Arọ́kin ni àwọn òpìtàn ààfin, ẹni tó jẹ oyè Ológbò sì ni olórí wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mọ orúkọ àwọn Aláàfin ní ìtòtẹ̀lé, oríkì wọn, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò ọba kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, ti gba púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó sì kú ní 1901. Ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé sọnù, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Láti ìgbà náà, ìwé ti ń padà sẹ́nu ará ìlú. Bí afinimọ̀nà bá ń pìtàn lónìí, ó lè ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ èyí tó gbọ́ lẹ́nu àgbà àti èyí tí ẹnì kan kà fún un. Olùwádìí gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn náà di yẹpẹrẹ.

Ọjà Akẹ̀sán

Ọjà ọba ni Akẹ̀sán, iwájú ààfin ló sì wà, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọba ṣe máa ń wà nílùú Yorùbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, iná jó o, ọjà púpọ̀ sì ṣòfò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé àpèjúwe tí wọ́n kọ ṣáájú iná yẹn yóò rí i pé ọjà ti yí padà.

Igbá fínfín

Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ Ọ̀yọ́ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá ni igbá fínfín, àgbègbè Akẹ̀sán àti àwọn agbo ilé tó wà nítòsí rẹ̀ sì ni wọ́n ti sábà ń rí àwọn afíngbá. Iṣẹ́ ọkùnrin ni níbí, ọmọ sì máa ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ baba. Bí àkókò àlejò bá kéré, ibi yìí ló yẹ kó ti ná an.

Igbá tó ti gbó lórí ìtàkùn ni wọ́n ń já. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe àwo, wọ́n á là á sí méjì; bí wọ́n bá fẹ́ ohun èlò tó ní ìdérí, apá òkè nìkan ni wọ́n máa gé. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí inú rẹ̀ lè rà, wọ́n á họ ọ́ mọ́, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi le. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ tó wọ̀ ọ́. Afíngbá á kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ ṣóńṣó fa ilà yí igbá ká, á fi pín ojú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà kì í fi lẹ́ẹ̀dì ya ohunkóhun tẹ́lẹ̀: ojú ni wọ́n fi ń wọn àyè, ó sì máa ń pàdé ara wọn nígbà tí ilà bá yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á họ èèpo tó wà láàárín ilà kúrò. Èèpo ẹ̀yìn igbá pọ́n díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì funfun, ìyàtọ̀ àwọ̀ méjèèjì yìí ló ń jẹ́ kí ọnà yọ. Wọ́n tún lè fi osùn tàbí ọ̀dà kùn ún.

Nínú ọnà tó wọ́pọ̀ ni alángbá, ẹyẹ, ẹja àti ewé, pẹ̀lú ìlà wínníwínní tó ń dí àyè láàárín wọn. Àwọn afíngbá òde òní máa ń kọ orúkọ ẹni tó rà á sí i, tàbí àdúrà ìgbéyàwó. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn tó ń kọ nípa iṣẹ́ yìí máa wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀ fún gbogbo ọnà. Ó dára kí a ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí pé ẹwà àti bí àyè ṣe gbà lè tó ìdí fún alángbá kan láti wà níbi tó wà.

Igbá ló ń gbé ẹrù ìyàwó, òun ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún àlejò pàtàkì, òun ni wọ́n sì fi ń bu omi. Akèrègbè wà fún ẹmu, ahá wà fún omi mímu, àdému sì ní ìdérí. Abọ́ irin àti rọ́bà ti gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fín báyìí, ara ògiri tàbí orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó dára, kó wo etí ilà. Bí ọ̀bẹ bá ti yọ̀ tàbí bí jíjìn ilà kò bá dọ́gba, á hàn níbẹ̀. Fáníìṣì a máa bo irú àléébù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó sàn kí a wo igbá tí wọn kò tíì kùn.

Iṣẹ́ awọ

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àdúgbò tí àwọn oníṣọ̀nà awọ pọ̀ sí. Awọ ewúrẹ́ àti ti àgùntàn ni wọ́n ń lò jù, wọ́n ń fi ṣe àpò, bàtà, àkọ̀ idà àti tìmùtìmù. Pòròpórò ọkà bàbà wà lára ohun tí wọ́n ń fi pa awọ láró pupa. Làbà, àpò tí àwọn oníṣàngó ń fi ẹdùn àrá sí, ni iṣẹ́ wọn tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà mọ̀ jù lọ, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun.

Kọ̀sọ àti àwọn ibi mìíràn

Kọ̀sọ ni ojúbọ Ṣàngó tó so mọ́ oyè Aláàfin, àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, ló sì ń bójú tó o. Bàtá ni ìlù rẹ̀. Àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní 2023, oṣù Ògún ni wọ́n sì máa ń ṣe é.

Àwọn kan máa ń fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ St. Andrew's, tó dé Ọ̀yọ́ ní 1896, kún ìrìn náà. Ọgbà rẹ̀ ni Yunifásítì Ajayi Crowther wà báyìí. Olú ilé iṣẹ́ ọgbà ìpamọ́ ẹranko tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé pè (Old Oyo National Park) wà nílùú yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an jìnnà, ọkọ̀ ni ènìyàn ń wọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìwà àlejò àti àkókò

Àlejò kì í dá wọ ààfin. Ẹni tó ń mú un lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àwọn ìránṣẹ́ ààfin, wọ́n á sì sọ bóyá àyè wà. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba. Obìnrin á kúnlẹ̀. “Kábíyèsí” ni ìkíni, àwọn tó mọ oríkì á sì fi “Ikú Bàbá Yèyé” kún un. Kí a tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni tàbí ojúbọ kankan, kí a béèrè. Owó tí a fún onílù kì í ṣe ìtanràn, ara ìkíni ni. Níbi iṣẹ́ ọwọ́, “Ẹ kú iṣẹ́ o” ló ń ṣáájú ìbéèrè, a kì í sì í dúnàá dúrà lórí iṣẹ́ tí a kò ní í rà.

Lásìkò ọdún egúngún, Alápìíni ni olórí àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléégún, àwọn ọ̀nà kan sì lè má ṣeé gbà. Bí wọ́n bá ń ṣe orò, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde ní àkókò tí wọ́n kéde. Afinimọ̀nà ló yẹ kó ti wádìí èyí kí ó tó dá ọjọ́. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló tura fún ìrìn, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà òjò, afíngbá kì í rí oòrùn tó láti sá igbá, nítorí náà ọjà wọn máa ń dín kù, ó sì yẹ kí ẹni tó ń rà béèrè bóyá igbá tí wọ́n fún un ti gbẹ dénú.