Sípíkà Àwòṣífìlà: Ara Òpó Ṣọ́ọ̀ṣì Ló Ti Wá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé nínú pálọ̀ máa ń rò pé òpó tí wọ́n fi gbé àjà ró ni. Ó ga ju ọkùnrin lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn sípíkà wẹ́wẹ́ sì tò lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí bọ́tìnnì lára kásọ́ọ̀kì àlùfáà. Méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, òmíràn sì wà tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun. Àwọn tó ń ṣe é ń pè é ní line source, torí pé ohùn kì í ti ojú kan ṣoṣo jáde lára rẹ̀, gbogbo ìlà náà ló ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Èmi ń pè é ní sípíkà àwòṣífìlà. Ẹ ṣáà mọ ilé àwòṣífìlà, ilé tí èèyàn á gbójú sókè wò títí fìlà á fi ṣí kúrò lórí rẹ̀. Sípíkà náà kò ga tó ilé o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú níwájú rẹ̀ ni kó di fìlà rẹ̀ mú.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni ìjà wà. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti Jámánì ní 1924, nígbà tí Walter Schottky àti Erwin Gerlach ní Siemens fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi rìbọ́ọ̀nù ṣe sípíkà. Wọ́n ní rìbọ́ọ̀nù gùn, ó rí bí ìlà, nítorí náà òun ni bàbá gbogbo wọn. Mo ti gbọ́. Okùn aṣọ náà gùn, a kì í sì í tìtorí ẹ̀ pè é ní bàbá wáyà iná. Kò tiẹ̀ sí rìbọ́ọ̀nù tó lè sọ̀rọ̀ láìsí irin òòfà tó di í mú lọ́tùn-ún lósì, àwa tí Ìrè-Èkìtì jẹ́ tiwa sì mọ ẹni tó ni irin. Kí á fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Èrò tèmi ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ni nǹkan yìí ti wá, lára òpó, nítorí àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn tó ń fi ẹnu kọrin lórí ìlà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó kàn gùn díẹ̀ ni.

Ìkéré ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ àpáta. Ẹni tó bá dàgbà sítòsí Olósùnta kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé ohùn máa ń rìn, ó máa ń kọlù, ó sì máa ń padà. Gbohùngbohùn ni Yorùbá ń pe ohùn tó padà yẹn: gba ohùn, gba ohùn. Kí ẹ̀rọ tó dé ni a ti ń jẹ́ ẹ lórúkọ, nígbà tí ẹ̀rọ sì dé a kò wá orúkọ mìíràn fún un, a gbé orúkọ àpáta wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbohùngbohùn fi jẹ́ ohùn òkè, tó tún jẹ́ sípíkà. Mi ò rò pé èdè púpọ̀ wà tí àpáta àti ẹ̀rọ ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwa Èkìtì tó ń pe ilé ní ulé, tí a ń pe ilá ní ulá, a lè yàtọ̀ lórí ohun púpọ̀ sí àwọn ará Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n lórí èyí ohùn wa ṣọ̀kan.

Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, àgbà obìnrin kan kú ní àdúgbò wa. Àwọn obìnrin ilé tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ẹ̀bá títì títí dé ojúde òkú, bí ogójì èèyàn, wọ́n ń ṣe alámọ̀. Ẹnì kan ń dá, àwọn yòókù ń gbè é. Alámọ̀ jẹ́ ti Èkìtì, ti obìnrin pàápàá, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ rí lójúde òkú kò tíì gbọ́ ọ. Àwa ọmọdé ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibikíbi tí mo bá sáré dé, ohùn orin náà kì í dín kù. Mo bọ́ sẹ́yìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kejì, orin ṣì wà létí mi. Onílù kan ṣoṣo dá dúró lábẹ́ igi ọsàn. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá tí mo gbé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìlù rẹ̀ ti di ti ìlú kejì.

Ọ̀rọ̀ físíìsì pọ́ńbélé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọsàn ló jẹ mí lógún lọ́jọ́ náà. Ohùn tó bá ti ojú kan ṣoṣo jáde máa ń fẹ̀ sí gbogbo ọ̀nà bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí ọ̀nà tó jìn sí i bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á fi dẹ́síbẹ́lì 6 lọ sílẹ̀ (dẹ́síbẹ́lì ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó). Èyí tó bá ti ara ìlà gígùn jáde kì í rí àyè fẹ̀ sókè-sódò, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń fẹ̀ sí bí àgbá tó ń tóbi, nítorí náà dẹ́síbẹ́lì 3 péré ló ń fi lọ sílẹ̀. Ìlà tó lópin kò lè máa ṣe èyí títí ayé. Bó bá jìn jù, ìlà náà á di ojú kan padà, ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn ohùn tó nípọn, ló sì máa ń kọ́kọ́ sá. Ṣùgbọ́n láàárín pálọ̀, tàbí láàárín ojúde, ó tó.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kò sẹ́ni tó gbé orin òkú Ìkéré lọ bá onímọ̀ ẹ̀rọ kankan ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ pé wọ́n jí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdí kan náà ló fa méjèèjì: èèyàn pọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní 1930, tí àwọn èèyàn rọ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sọ́dọ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, agogo ọwọ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe máíkì. Ẹ fojú inú wo àwọn tó wà lẹ́yìn.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ló tẹ̀ lé e. Àpótí onígi tí wọ́n fa wáyà sí nínú ilé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939. A-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, bíi bàbá àgbà tí inú ń bí. Ihò kan ṣoṣo ló ní, nítorí náà kò sí nínú ẹbí tí mò ń sọ. Mo kàn dárúkọ rẹ̀ torí pé orúkọ náà dùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò sí ìwé lórí ohùn tó ń ti ìlà jáde ni Harry Olson, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò RCA. Ní 1940 ó ti fi hàn bí ìlà náà bá ṣe gùn tó ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń há sókè-sódò tó. Lẹ́yìn ogun, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó gbà á. Èyí tó lókìkí jù ni Kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ohùn ti ń ró lọ tó ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ kó tó kú, tí ìwàásù fi ń di ariwo lásán. Parkin àti Taylor, àwọn onímọ̀ ohùn méjì, gbé sípíkà gogoro sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Torí pé ohùn sípíkà gogoro kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, èyí tó dé inú òrùlé rìbìtì yẹn kò tó nǹkan, orí ìjókòó ni èyí tó pọ̀ jù bọ́ sí. Wọ́n tún dá ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn dúró díẹ̀, kí ó má baà ṣáájú ẹnu oníwàásù. Èmi ò rí ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lára rìbọ́ọ̀nù.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, méjì ni, aláwọ̀ eérú, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ òpó kejì lọ́tùn-ún lósì. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí oyin, baba afágogo sì sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn di fìtílà mú. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, mẹ́rin ni mo rí, sípíkà pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n tò lé ara wọn, bébà ojú wọn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Aáyán ti jẹ etí ẹnìkẹta. Baba ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mẹ́ta ṣì ń sọ̀rọ̀." Wọ́n gé wáyà èyí tó bàjẹ́, wọ́n so àwọn yòókù pọ̀, wọ́n sì gbé e padà sókè. Kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Bí ó ṣe ti ibẹ̀ wọ ilé kò gba àkókò púpọ̀ láti sọ. Roger Russell ní ilé-iṣẹ́ McIntosh gbé sípíkà XRT20 jáde ní 1980: twítà 24 (sípíkà kékeré tó ń sọ ohùn tín-ín-rín), íǹṣì kan kan, tí wọ́n tò sórí ìlà kan tó ń fara ti ògiri. Ẹ wò ó dáadáa, òpó ṣọ́ọ̀ṣì tó wọ kóòtù ni. Láàárín àkókò kan náà, Arnie Nudell ní ilé-iṣẹ́ Infinity gbé sípíkà IRS dìde, gogoro mẹ́rin tí gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà méje àtààbọ̀, méjì nínú wọn ní wúfà (sípíkà ńlá tó ń sọ ohùn nínípọn) oní-íǹṣì 12 mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn onírìbọ́ọ̀nù àti ìbátan wọn náà ní tiwọn: Jim Winey dá Magnepan sílẹ̀ ní Minnesota ní 1969, Apogee tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1980, èyí tí wọ́n ń pè ní Scintilla nínú wọn sì lè wá sí óòmù kan (óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó; bó bá kéré jù, iná á ya wọ inú rẹ̀), tó fi máa ń pa ańpílífáyà bí ẹní pa ẹ̀fọn.

Kí n má purọ́, ibì kan wà tí rìbọ́ọ̀nù ti ju tiwa lọ. Bí sípíkà bá pọ̀ lórí ìlà, àyè tó wà láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì kò gbọ́dọ̀ ju gígùn ìgbì ohùn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn wọn á máa bá ara wọn jà lókè, níbi tí ohùn ti tín-ín-rín. Ní hẹ́ẹ̀sì 10,000, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, sípíkà oní-íǹṣì mẹ́ta nìkan sì ti ju méje lọ. Rìbọ́ọ̀nù kò ní àlàfo, nítorí náà kò ní ìjà. Ó parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ L-Acoustics gbé sípíkà V-DOSC jáde ní 1992 fún orin orí pápá, òun ló bí èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi ìsọjí báyìí. Don Keele, onímọ̀ ohùn ará Amẹ́ríkà, mú ọgbọ́n tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń gbọ́ ohùn lábẹ́ òkun, ó sì tẹ ìlà bí ọrun ọdẹ. Russell náà tún ṣe IDS-25, sípíkà wẹ́wẹ́ 25 nínú gogoro kan. Wọ́n ń gbówó lé e lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Adó ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ ní Ajílósùn. Sípíkà mẹ́rìndínlógún ni nínú gogoro kan, oní-íǹṣì mẹ́ta, óòmù 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó so mẹ́rin mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn, ó wá so ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, gbogbo rẹ̀ sì padà di óòmù 8, kí ańpílífáyà má baà mọ̀ pé èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ó ti mọ̀ pé ohùn tín-ín-rín á máa jà, ó ní etí òun ti dàgbà jù láti gbọ́ ọ. Ọ̀kan ti parí. A fi Ẹlẹ́múrẹ́ Ògúnyẹmí dán an wò, ẹni tó ń fi ohùn Èkìtì kọrin, a sì gbé fóònù ka ohùn rẹ̀: ní mítà kan, dẹ́síbẹ́lì 84, ní mítà méjì, 81. Sípíkà alápótí rẹ̀ àtijọ́ bọ́ láti 84 sí 79 ní àyè kan náà. Mo jáde lọ sí ìdáná lọ mu omi, Ẹlẹ́múrẹ́ bá mi débẹ̀.

Ìkejì ló kù. Òjò pa pákó rẹ̀, ó ká, wọ́n ń wá òmíràn. Káfíńtà tó gé ihò àkọ́kọ́ ní òun ò tún gbà iye tí òun gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, pé òun rò pé ilé ẹyẹlé ni.