Owó Ẹnu Ọ̀nà: Ibi Tí Sísan Owó Wo Ẹ̀ṣẹ́ Ti Ṣẹ̀, àti Ipa Tí Ìbàdàn Kó Níbẹ̀

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń tìtorí akànṣẹ́ méjì, Anthony Joshua àti Tyson Fury, jiyàn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú mọ́tò, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ náà kì í tán. Àwọn kan ní bí wọ́n bá gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn, kò ní sí àyè ìjókòó. Àwọn mìíràn ní ó ti pẹ́ jù, pé àwọn méjèèjì ti jẹ ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọbẹ̀ ti tutù, ta ni yóò tún ki ọwọ́ bàpò? Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ariwo ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń náni lówó. Mo ní ìdáhùn tèmi, ṣùgbọ́n kò lè yé ẹni tí kò bá mọ bí àṣà sísan owó wo ẹ̀ṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń sọ ìtàn yẹn káàkiri, orúkọ Ìbàdàn kì í sí níbẹ̀. Ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni ọwọ́ tí a dì. Àwọn ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó ń kàn án ni akànṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn oníròyìn wa fẹ́ràn jù ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń kù bí òjò. Oríkì gidi ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tí òun fẹ́ lọ wò. Owó tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ òǹwòran kó tó wọlé, owó ẹnu ọ̀nà là ń pè é. Láyé odi ìlú, oníbodè a máa jókòó sí ẹnubodè, a máa gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù wọ ọjà. Mo gbà pé ojú oníbodè yẹn náà ni Yorùbá fi ń wo ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré lónìí.

Àmọ́ ẹrù ọjà ni oníbodè ń gba owó lé lórí. Ìran kò ní ògiri nílẹ̀ wa. Àárín ìlú ni wọ́n ti ń ja gídígbò, ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo máa ń fojú inú wo bó ṣe rí lọ́jọ́ ọdún nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń jẹ́ owó: ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀, onílù á pe oríkì ilé baba rẹ̀, ìyá kan á tú gèlè, á mú ohun tó dì sí etí rẹ̀, á kó o fún onílù. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló ń fún un lówó fún. Báyìí náà ni wọ́n ti ń ṣe fún àwọn eégún alárìnjó, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́dọ̀ àwọn alápatà Hausa tó ń ja dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn. Wò, kó o tó fún: òfin ilẹ̀ wa nìyẹn. Òfin ẹ̀ṣẹ́ òde òní yí i padà: san, kó o tó wò. Ẹni tó bá sanwó kó tó wò ti ra nǹkan tí kò tíì sí, ìrètí ló rà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn Joshua àti Fury wà.

Ta ló yí i padà? Àwọn kan á dárúkọ Róòmù. Ní Róòmù, àwọn olóṣèlú àti ọba ló ń náwó kí ará ìlú lè wòran, kí wọ́n lè jèrè ojúrere wọn. Ìyẹn kì í ṣe owó ẹnu ọ̀nà.

London ló ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí 1719, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Figg ṣí gbọ̀ngàn ìjà kan ní agbègbè Marylebone. Idà àti kóńdó ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀ jù lọ, ẹ̀ṣẹ́ kàn wà lára rẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn náà ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn, ẹnìkan sì dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn. Lójú tèmi, ibi ilẹ̀kùn yẹn ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ gbogbo rẹ̀ wà, ju bí Figg ṣe mọ ìjà jà lọ. Jack Broughton ṣí gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní 1743, ó sì kọ òfin sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ràn láti máa sọ òfin tó ní kí wọ́n má lu ẹni tó ti ṣubú. Èyí tó wù mí ni ti owó: nínú àwọn ìjà kéékèèké, kí ẹni tó borí gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí wọ́n dá, kí wọ́n sì pín in ní gbangba lórí pèpéle, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti ṣe àdéhùn mìíràn ní kọ̀rọ̀. Ẹ ro ìdí tó fi ní kó jẹ́ ní gbangba. Ó dá mi lójú pé Broughton ti rí òǹwòran tó bínú jáde rí. Ó mọ̀ pé bí ẹni tó sanwó bá fura pé àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ láàárín ara wọn, kò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí Broughton fìdí rẹmi lọ́wọ́ Jack Slack ní 1750, gbọ̀ngàn náà tì, ìjà sì padà sí pápá gbalasa fún ìgbà pípẹ́. Òfin kò gba ìjà bẹ́ẹ̀, ibi tí adájọ́ kò ti ní tètè débẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ta ni yóò dúró gba owó ẹnu ọ̀nà nínú pápá tí kò ní ọ̀nà? Tẹ́tẹ́ ni owó ti ń wá. Síbẹ̀, nígbà tí Tom Molineaux, aláwọ̀ dúdú tó wá láti Amẹ́ríkà, tún kojú Tom Cribb, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Thistleton Gap ní oṣù kẹsàn-án 1811, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló rìn lọ síbẹ̀. Wọ́n ti pàdé ní oṣù Kejìlá 1810, Molineaux sì fojú Cribb rí màbo kó tó fìdí rẹmi. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló kó àwọn èèyàn náà lọ: wọ́n bẹ̀rù pé àlejò lè gba ohun tó jẹ́ tiwọn. Ká ní ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ìbá san iyekíye.

Tex Rickard, tó ń ṣètò ìjà, wà lára àwọn tó tún fi ògiri yí ìjà ká ní Amẹ́ríkà. Ó fi pákó kọ́ pápá ńlá kan ní Jersey City, ó sì gbé Jack Dempsey kojú Georges Carpentier níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1921. Carpentier ti jagun fún Faransé, wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan Dempsey pé ó sá fún iṣẹ́ ológun. Olúkúlùkù ti mú ẹni tirẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí 80,000 ènìyàn ló wá, owó ẹnu ọ̀nà sì kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹ̀ṣẹ́. Ìjà náà kò kọjá abala kẹrin.

Ó wá kan Ìbàdàn.

Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé, ní Paris ní oṣù kẹfà 1957. Ará Paris ló sanwó wò ó, rédíò la fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ ní Aba. Ó lọ sí Liverpool ní 1955, ó pàdánù ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀, kò sì padà sílé. Ní oṣù Kẹwàá 1962 ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù kejì 1963, ọ̀mì ni. Fullmer fẹ́ gba ohun tirẹ̀ padà, Tiger fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yanjú, ìjà kẹta sì di ti Ìbàdàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìbàdàn? Torí Ìbàdàn ló ní ilé tí wọ́n lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sí. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti kọ́ Liberty Stadium sí Òkè-Àdó, ó ṣí ní 1960, ìlú kan náà ló sì ti ní tẹlifíṣọ̀n láti oṣù Kẹwàá 1959. Àkókò náà le. Ní oṣù karùn-ún 1962 wọ́n ti fi àga jà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe ń ja ìjà Tiger yìí, Awólọ́wọ̀ tí ìjọba rẹ̀ kọ́ pápá náà wà níwájú adájọ́. Ẹni tó bá sọ pé ará ìlú kò ní ráyè ẹ̀ṣẹ́ nínú irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀, kò ṣì sọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1963, bí 30,000 ènìyàn ló kún ibẹ̀.

Bàbá ìyá mi wà lára wọn. Ó ń ránṣọ ní Òkè-Àdó, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wo òmíràn mọ́ títí ó fi kú. Ó ní ohun tó yà òun lẹ́nu ni bó ṣe parí. Aago dún fún abala kẹjọ, Tiger dìde, Fullmer jókòó sí igun rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó ti tó. Àwọn tó jókòó lápá ọ̀dọ̀ bàbá kò tètè mọ̀ pé ìjà ti tán, títí ẹnìkan fi kígbe pé, “Kò dìde mọ́!” Mo bi í pé kí ló mú un náwó sí ohun tí kò yé e. Ó ní, “Ṣé wọ́n á wá lu ọmọ wa nílé wa, kí n sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ?”

Ọmọ wa. Ọmọ Ígbò ni Tiger, Yorùbá ni bàbá, àárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ máa tó ṣàn sí. Tiger fúnra rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Biafra nígbà ogun, ó sì kú sí Aba ní 1971. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ní Òkè-Àdó, ọmọ wa ni.

Ìdí tí mo fi ní ó yẹ kí orúkọ Ìbàdàn wà nínú ìtàn nìyí: ibẹ̀ ni ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ti kọ́kọ́ wáyé nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Àwọn kan á ní Johannesburg ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní Áfíríkà, nígbà tí Vic Toweel borí Manuel Ortiz ní 1950. Lábẹ́ ìjọba apartheid ni, kò sì sí aláwọ̀ dúdú nínú àwọn méjèèjì tó jà. N kò ka ìyẹn mọ́ ti aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Àwọn ará Èkó á ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ẹ̀ṣẹ́ ti wọ Nàìjíríà. Kí wọ́n máa mú ti ẹ̀ṣẹ́, èmi ń sọ ti owó ẹnu ọ̀nà. Kinshasa sì ni gbogbo ayé ń dárúkọ nítorí ìjà Muhammad Ali àti George Foreman ní 1974. Ọdún kọkànlá lẹ́yìn Ìbàdàn nìyẹn, ìjọba Mobutu ló sì dúró fún mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ali àti Frazier gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1971, torí ìjà náà wọ inú gbọ̀ngàn sinimá káàkiri. Sátẹ́láìtì dé, san-kó-o-tó-wò dé sínú ilé. Mayweather àti Pacquiao, tí wọ́n ti jiyàn lé lórí láti bí 2009, jà ní 2015, ìdílé mílíọ̀nù 4.6 ló sanwó fún un. Saudi náà wá gba ìjà lálejò.

Ó wá ku Joshua àti Fury. Ní 2021 wọ́n ti fẹnu kò, kí adájọ́ àdéhùn ní Amẹ́ríkà tó sọ pé Fury gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún Wilder ní ìjà kẹta. Àwọn tó ní ọbẹ̀ ti tutù ń sọ pé ẹni tó ti ṣubú kì í pe èrò mọ́. Irọ́ ni. Joshua ti pàdánù lọ́wọ́ Ruiz, ó pàdánù lọ́wọ́ Usyk lẹ́ẹ̀mejì, 96,000 ènìyàn ṣì kún pápá ìṣeré Wembley ní London nígbà tó kojú Dubois ní oṣù kẹsàn-án 2024. Fury nìkan kó 94,000 wọ ibẹ̀ nígbà tó lu Whyte ní 2022. Ẹni méjì tí olúkúlùkù ń dá kún pápá kan náà, bí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, àyè kò ní gba èrò. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Riyadh ní Saudi, olówó ibẹ̀ ti sanwó kí aago tó dún, a ò sì ní mọ iye tí ará ìlú ìbá san. Wembley ni kí wọ́n gbé e sí. Bí Joshua ṣe jẹ́ ọmọ Watford, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Ṣágámù, ó ya àwòrán Nàìjíríà sí èjìká. Fury náà ní àwọn tirẹ̀ tí kò ní jókòó sílé.

Mo ti fojú ara mi rí i, ní Mọ́kọ́lá, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2017, nígbà tí Joshua kojú Klitschko. Ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ni, wọ́n fi ẹfun kọ ìjà náà sára pátákó, ẹni tó bá sanwó, wọ́n á fi báírò fa ìlà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ní abala karùn-ún Klitschko ṣubú, ariwo bo ìró jẹnẹrétọ̀. Ní abala kẹfà, Joshua náà ṣubú. Ìyá àgbà kan tó wá ta omi gbé ọwọ́ lérí. Ẹni tó ń gba owó ti fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn pa, ó wá dúró sáàárín wa. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan fèrèsé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ mẹ́ta ló ti wọlé láàárín irin ojú fèrèsé, náírà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣílẹ̀kùn.