Jẹjẹrẹ gògóńgò: ohun tó yẹ kí aláìsàn àti ará ilé mọ̀

Inú gògóńgò, níwájú ọrùn, ni ohùn ti ń jáde. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí à ń pè ní tán-án-ná ló wà níbẹ̀. Bí èémí bá ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa gbọ̀n. Ara wọn gbọ́dọ̀ dán kí ohùn tó lè já gaara. Egbò kékeré lára ọ̀kan ti tó láti mú ohùn há.

Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ lára tán-án-ná fi ń tètè fi ara rẹ̀ hàn. Àmọ́ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ẹni náà ṣì ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ni ohùn híhá ń já láyà? Ní Àkúrẹ́, ẹni tó ń polówó ní Ọjà Ọba, wòlíì tó ṣe ìṣọ́ òru, awakọ̀ tó ń pe èrò, gbogbo wọn ni ohùn wọn máa ń há, orógbó àti oyin ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ohùn tí ariwo tàbí ọ̀fìnkìn mú há sábà máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti orógbó, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló kàn.

Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lókè tán-án-ná burú ju ti ara tán-án-ná lọ, torí ó ń fara pamọ́. Òkèlè lè máa há lọ́fun, etí kan lè máa ro láìsí ohun tó ṣe é, tàbí kí kókó yọ lọ́rùn. Bí èémí bá wá ń dún, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Sìgá ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ. Ọtí líle náà ń dá kún un, títí kan paraga, ewu ẹni tó ń mu méjèèjì sì ga gan-an. Kì í ranni. Ẹnikẹ́ni kò sì fi oògùn gba ohùn aláìsàn.

Ilé ìwòsàn UNIMED ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tàbí FMC Ọ̀wọ̀, ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ béèrè. Dókítà á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà gba imú wo gògóńgò, wọ́n á sì gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yìí nìkan ló lè fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀.

Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí ojú àrùn, tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré, sábà máa ń kápá rẹ̀, ohùn á sì wà. Ìtànṣán máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá darí sí UCH Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò máa sùn.

Bó bá ti pẹ́, wọ́n lè yọ gògóńgò kúrò pátápátá. Ihò tí wọ́n ṣí síwájú ọrùn ni aláìsàn yóò máa gbà mí títí ayé. Ẹnu ni yóò ṣì fi máa jẹun. Omi ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ihò yìí, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń gbà á lọ́wọ́ eruku ọyẹ́. Ohun tí ará ilé ń bẹ̀rù jù ni pé ó ti di odi. Rárá o. Ahọ́n, eyín àti ètè tó ń gé ọ̀rọ̀ ṣì wà; ohun tó ń dún ló lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ti ọrùn, fáàfù tí dókítà fi sínú ọ̀fun, tàbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ́ láti máa gùn jáde bí ẹni ń gùnfẹ̀, lè rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ìyẹn gba àkókò. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ará ilé wá ìwé àti bírò sílẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí àmì ọwọ́ fún omi, ìrora àti ìgbẹ́.