Ṣé tíìmù yìí mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè, àbí orí ló kàn ń bá wọn ṣe é?

Lóṣù kẹta báyìí, tí básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bá ti gbóná, àwọn ọmọ Àgríìkì níbí ní Ìkòròdú kì í sùn mọ́, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ ìbéèrè ló kù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tíìmù tá a wò lóru àná ju tíríì 20, ìyẹn bọ́ọ̀lù pọ́íǹtì mẹ́ta tí wọ́n ń jù láti ẹ̀yìn ìlà, 9 wọlé, 45 pasẹ́ǹtì nìyẹn o! Ṣé kí n gbówó lé wọn?

Ìdáhùn: Rọra, àbúrò. 20 ti kéré jù. Tíìmù tó jẹ́ pé 35 pasẹ́ǹtì ni agbára ẹ̀ gan-an lè ju 20 lónìí kí 9 wọlé, kó tún ju 20 lọ́la kí 5 péré wọlé, kóòṣì kan náà, ọwọ́ kan náà, bọ́ọ̀lù ló kàn gbá irin tó ta dànù. Jẹ́ kó tó 300, 400 ná.

Ìbéèrè: 35 ṣáà? Níléèwé, F9 nìyẹn.

Ìdáhùn: Hahaha, ṣírò ẹ̀ wò. Ju bọ́ọ̀lù olójú méjì ní 100, kí 50 wọlé, o ní 100 pọ́íǹtì. Ju tíríì 100, kí 34 wọlé, o ti ní 102. Nǹkan bíi 34 yẹn náà sì ni àwọn ọkùnrin Division I, ìpele tó ga jù ní yunifásítì Amẹ́ríkà, sábà máa ń jù. Àmọ́ má wo pasẹ́ǹtì nìkan o, bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ń jù. Ẹni tó ń ju 12 ní géèmù kan, tó ń gba 40 pasẹ́ǹtì, pọ́íǹtì 14 àti díẹ̀ ló ń rí níbẹ̀, ẹni tó ń ju 30 ní 36 pasẹ́ǹtì ń kó 32 lọ sílé. Ta ló bà ọ́ lẹ́rù jù nínú àwọn méjèèjì?

Ìbéèrè: Tí sáà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, tí wọn ò tíì jù púpọ̀?

Ìdáhùn: Wo free throw wọn, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣe fáwúlù sí. Ojú kan náà, ẹsẹ̀ bàtà 15, ẹnikẹ́ni ò nawọ́ sí ẹ lójú, ibẹ̀ lọwọ́ tó dáa ti ń hàn. Ẹni tó ń gba 85 níbẹ̀ tí tíríì ẹ̀ wà ní 28, mi ò ní tètè já a jù sílẹ̀. Ẹni tó ń gba 55 tó wá ń ju tíríì ní 44, àpò mi ni mo máa dì mú jàre.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi wọ́n wé àwọn tíìmù 2015?

Ìdáhùn: Ìlà tí wọ́n ti ń ju tíríì ti kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íńṣì 9 ni ní 1986, 2008 wọ́n sún un sí 20 àti íńṣì 9, nígbà tó di 2019 tàwọn ọkùnrin bọ́ sí mítà 6.75 ti FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, èyí tó yẹ kó wà lára kóòtù tiwa náà ká ní ọ̀dà ẹ̀ ò tíì ṣí tán.

Ìbéèrè: Tíìmù tí alátakò ń jù tí ò wọlé, ìgbèjà wọn nìyẹn àbí?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ni. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ alátakò, àdúrà ló kù. Ohun tí ìgbèjà tó dáa ń ṣe jù ni kó má jẹ́ kí wọ́n ráyè jù ú rárá, torí náà iye tíríì tí wọ́n gbà kí alátakò jù ni kó o kà.