Ṣé èèyàn lè tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi lórí ilẹ̀ Ifẹ̀?

Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀, òkun ni kò sí. Síbẹ̀ náà, wọn kì í yé gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Oǹdó. Ọ̀nà yìí náà ló ń báni dé Òkìtìpupa títí kan Igbókòdá, níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ ti ń wọkọ̀ omi lọ sílé. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ fún ẹbí rẹ̀ lọ́hùn-ún á fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó gbé e rìn jìnnà. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kàn fa okùn rẹ̀ ká gbọ́ bó ṣe ń dún. Kí ni ìṣẹ́jú kan péré lè fi ṣe é?

Ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́.

Ẹ wo "I better pass my neighbour" tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Ẹ ó rí irin ara rẹ̀ tí wọ́n gé bí eyín òòyà kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Mọ́tò ní tiẹ̀ gbé omi rẹ̀ dání nínú radiétọ̀, ibi yòówù kó lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi tí mò ń sọ yìí kò ní eyín òòyà, kò ní radiétọ̀. Inú odò tó wà náà ló ti ń mu omi: omi gba ojú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó gòkè lọ yí ibi tí iná ti ń jó ká, ó sì tún padà sódò. Ẹ gbé e kúrò lódò, ẹ ti yọ radiétọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe òkè ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ ń jìyà. Rọ́bà kan wà nínú ẹsẹ̀ yẹn, ìmpẹ́là lorúkọ rẹ̀, òun ló ń fa omi sókè. Ó rí roboto, ó ní ìka yíká. Ilé tí wọ́n fi í sí há mọ́ ọn, tó jẹ́ pé bó ṣe ń yí ni ìka wọ̀nyẹn ń tẹ̀ tí wọ́n ń nà. Omi tó ń fà náà ni òróró rẹ̀. Bí omi ò bá sí, rọ́bà á máa ha ara irin gbígbẹ, bí ìgbà 700 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ ò tiẹ̀ tíì fún ẹ́ńjìnnì lépo kó sáré rárá.

Mo mọ̀ nítorí mo ti ṣe é. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá bá mi, họ́ọ̀sì-páwà 15 ni. Mo gbé e kọ́ etí tábìlì iṣẹ́ mi, mo fa okùn, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Èmi àti oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó pa á, ó ti tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Nígbà tí a wá gbé e sínú omi, kò tu ẹ̀kán kan jáde. Mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀: nínú ìka mẹ́fà tó yẹ kó wà lára rọ́bà yẹn, méjì ti já, mẹ́rin tó kù ti ká kò, wọ́n ń dán bíi pọ̀ǹmọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná jó, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ìka méjì tó já náà fà yọ nínú ihò tí omi ń gbà gòkè. Ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ni, wọn ì bá dí omi lọ́nà, rọ́bà tuntun tí mo fowó ara mi rà ì bá sì jẹ́ àṣedànù.

Ìbéèrè: Kò sódò nítòsí. Báwo la ṣe máa wá dán an wò?

Ẹ gbé omi tọ̀ ọ́ wá. Ohun kan wà tí wọ́n ń tà, ó jọ èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbọ́ orin létí: àwo rọ́bà méjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so wọ́n pọ̀, ẹnu hóòsì sì wà lára ọ̀kan. Àwọn àwo yìí lẹ máa fi há ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n bo ihò tó ń mu omi dáadáa. Ẹ ṣí omi tán pátápátá kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tán kẹ́ ẹ tó ti omi. Omi ló ń ṣáájú, omi ló ń kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi látinú kànga lẹ so hóòsì mọ́ tààrà, ẹ má kúrò nítòsí o, torí NEPA kì í kan ilẹ̀kùn kó tó mú iná lọ. Omi inú táǹkì tó wà lórí òpó ló fini lọ́kàn balẹ̀.

Ní tèmi, dúrọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ràn jù. Onílítà 200, tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò. Ẹ kan pákó tó nípọn mọ́ òpó kí ẹ́ńjìnnì ráyè kọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Omi gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kó tiẹ̀ fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan ga jù ú lọ. Bẹ́ ẹ bá lè tú pùròpẹ́là sílẹ̀, ẹ tú u. Bẹ́ ẹ kò bá tú u, jíà ò gbọ́dọ̀ kúrò ní fíríì, torí bó bá wọ jíà pẹ́nrẹ́n, á da omi dúrọ́ọ̀mù sí yín lára tán, á sì lè gé èèyàn lọ́wọ́. Nínú omi náà ni èéfín ń bá jáde, ẹ ó rí i tómi ń dúdú tó sì ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún lọ kí n tó pààrọ̀ omi.

Nínú dúrọ́ọ̀mù o, lórí hóòsì o, ẹ má fún un lépo kó sáré. Kò sí ẹrù tó ń fà, eré àsápajúdé ló máa sá, omi tó sì máa nílò á ju èyí tí hóòsì lè gbé wá lọ. Ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín tó ń pa ìdílé mọ́lé nítorí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ń tú jáde níbí.

Ìbéèrè: Ẹnu hóòsì ti wà lára tèmi lókè látilẹ̀. Ṣé kí n kàn so omi mọ́ ọn kí n tan án?

Ẹ so omi mọ́ ọn, ẹ má tan án. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tuntun, ẹnu yẹn wà fún fífọ inú ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá wà ní pípa. Òkè ni omi yẹn ń gbà wọlé, kì í dé ọ̀dọ̀ ìmpẹ́là nísàlẹ̀. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹni tó tà á fún yín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé omi ń dé òkè?

Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa ń tọ omi jáde bí ọmọkùnrin tó ń tọ̀. Láìpẹ́ tó bá tàn ló yẹ kẹ́ ẹ ti rí i. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ooru ló ń rú jáde, tàbí tí kò sí nǹkan kan rárá, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá ìmpẹ́là lẹ́bi. Obìnrin kan gbé ti ọkọ rẹ̀ wá nígbà ọyẹ́, ó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé wọn. Omi ò jáde. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yọ inú ihò yẹn, amọ̀ pupa ló ń wọ́ bọ́ sílẹ̀: kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti sọ ibẹ̀ di yàrá ìkókó. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan sí méjì ló dára kéèyàn máa pààrọ̀ rẹ̀, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó. Ìdúró sójú kan náà ń mú ìka rẹ̀ tẹ̀ láìnà mọ́.

Ìbéèrè: Inú omi ló ń gbé. Kí ni a tún ń fi omi fọ̀ ọ́ fún?

Omi ju omi lọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lápá Ayétòrò, létí òkun gan-an, iyọ̀ ló ń mu. Bí wọ́n bá pa á tómi gbẹ, iyọ̀ á kù sínú ihò tóóró wọ̀nyẹn, á dì, á sì máa jẹ irin. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìrìn, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ pé títàn lẹ ń tan án fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, torí ilẹ̀kùn kan wà nínú rẹ̀, tẹmósítáàtì, tí kì í ṣí dáadáa fómi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ti odò wa lókè níbí, ẹrẹ̀ àti yanrìn ni ọ̀tá, àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ihò tó ń mu omi.

Ìbéèrè: Ẹ jẹ́ ká kúkú gbé e lọ sí adágún Ọ̀pá ní Yunifásítì.

Ẹ jọ̀ọ́. Omi tí wọ́n ń fà fáwọn ará ọgbà mu nìyẹn, ẹ wá fẹ́ lọ da bẹntiróòlù sí i. Dúrọ́ọ̀mù mi ń bẹ.

Ìbéèrè: A dán an wò, ó dáa. Ṣé ó ti tó gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù nìyẹn?

Ẹ gbé e nàró ná, kí omi inú rẹ̀ ṣàn tán láti ẹsẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tètè gbé e dùbúlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ga ju orí lọ, omi tó kù lè ṣàn wọ ibi tí iná ti ń jó. Ẹ tú okùn epo rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ oníkábúrétọ̀ tó sì máa pẹ́ kí wọ́n tó lò ó, nígbà tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ ti yọ okùn epo, kó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán kó kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ògbólógbòó fóòmù kan tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀nà ṣe rí.