Rìsíìtì afẹ́fẹ́ ní Titan

Tí òkìtì yanrìn bá nà síbì kan, ọ̀pọ̀ á ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lójoojúmọ́. Àṣìsọ yìí máa ń bí èèyàn nínú, torí àwọn tó mọ̀wé náà ń sọ ọ́. Titan, òṣùpá Saturn tó tóbi jù lọ, ti já a nírọ́.

Ká tètè ré èyí tí kò gba àlàyé kọjá: òtútù ibẹ̀ tó -179°C, yìnyín le bí òkúta, afẹ́fẹ́ sì ki tó ìlọ́po mẹ́rin tiwa. Yanrìn rẹ̀ kì í ṣe òkúta tó rún. Ìtànṣán oòrùn ló ń tú gáàsì methane ká lókè, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde á máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èéfín dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé ìdáná.

Ní àwọn ibi dúdú tó yí àárín òṣùpá náà ká, tí àwọn kan ti rò pé òkun ni, òkìtì yanrìn ni rédà ọkọ̀ òfuurufú Cassini bá: ìlà-ìlà ni wọ́n, òmíràn ga tó 100 mítà, ó sì gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Bí ìlà kan bá kan òkè, á là sí méjì bí omi odò tó kan àpáta, á tún pàdé lẹ́yìn òkè. Ìrísí yìí fi hàn pé ìwọ̀-oòrùn ni yanrìn ti ń bọ̀, tó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ọjà nínà ló yanjú rẹ̀. Ẹyọ yanrìn kọ̀ọ̀kan ní iye tó gbà kó tó gbéra. Afẹ́fẹ́ tí kò bá tó iye yẹn dà bí oníbàárà tó ń wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́, tó ń ná aṣọ 10,000 náírà ní 7,000. Ì báà wá nígbà ẹgbẹ̀rún, aṣọ ò kúrò nílẹ̀. Ẹni tó dé lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún tòun ti owó pípé ló máa gbé e, ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni aṣọ á sì gbà. Òkìtì yanrìn ò ka iye ìgbà tí wọ́n ná ọjà. Rìsíìtì ni, orúkọ ẹni tó sanwó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Huygens, ọkọ̀ kékeré tó balẹ̀ síbẹ̀ ní January 14, 2005, bá afẹ́fẹ́ tí kò tó mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá nítòsí ilẹ̀. Ẹni tó ń ná an ní 7,000 nìyẹn.

Iye ọ̀hún tún ga ju bí àwọn onímọ̀ ti rò lọ. Agbára tí Titan fi ń fa nǹkan sílẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje ti ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé yanrìn á tètè fò. Ní ilé ìwádìí NASA Ames ní California, wọ́n da oríṣi yanrìn 23 sínú ọ̀pá ńlá kan tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tó ki gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ náà ní láti fi 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún yára ju ìṣirò àtijọ́ kí yanrìn tó mira. Àwọn olùwádìí yunifásítì Georgia Tech ní tiwọn da naphthalene, ohun tí wọ́n fi ń ṣe káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, sínú àgbá kékeré tó kún fún náítrójìn, wọ́n ń yí i. Àwọn ẹyọ náà ń gbo ara wọn títí iná mànàmáná fi wọ̀ wọ́n lára, ni wọ́n bá ń lẹ̀ mọ́ra, bí àpò ọ̀rá ṣe ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́. Yanrìn tó dì mọ́ra báyìí, kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀.

Ta wá ló ń sanwó? Ọdún kan Saturn ju ọdún 29 tiwa lọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú rẹ̀ sì ni oòrùn ń ta sí àárín Titan gan-an. Ìgbà náà ni ìjì òjò methane lè ṣú níbẹ̀. Lókè, afẹ́fẹ́ ń sáré lọ sí ìlà-oòrùn; ìjì á fà á wálẹ̀. Ìṣirò kọ̀ǹpútà fi hàn pé ẹ̀fúùfù rẹ̀ lè tó mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 2009 sí 2010, tí oòrùn dé àárín, Cassini ya àwòrán ohun tó jọ ìkùukùu eruku lórí òkìtì wọ̀nyẹn. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

NASA fẹ́ rán Dragonfly, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ mẹ́jọ, lọ sáàárín àwọn òkìtì yìí. 2028 ni yóò gbéra, 2034 ni yóò dé. Ó ṣeni láàánú díẹ̀, torí oòrùn ti kọjá àárín ní oṣù Karùn-ún 2025, ó di nǹkan bí 2039 kó tó tún débẹ̀. Àwọn tó ń ná an ní 7,000 ni ọkọ̀ náà máa bá ní ìsọ̀.