Aago kọ́pì tó dákẹ́ lè má tíì kú

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú Ìlọrin pé aago kọ́pì, ìyẹn ayédèrú tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá sí lójú, kì í kọjá ọdún kan, pé tó bá ti dúró, ó parí náà nìyẹn. Wọ́n á jù ú sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á ra òmíràn kí wọ́lìmá tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e lọ bá aláago, wọ́n á ní ó fẹ́ fi owó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí púpọ̀ nínú aago tí wọ́n ń sọ nù bẹ́ẹ̀, bátìrì tó tán ni gbogbo ohun tó ṣe é.

Orúkọ tó wà lójú aago kọ́ ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ wo ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan, tó dúró, tó tún fò, bátìrì ló ń lò, kódà kí wọ́n kọ Rolex gàdàgbà sí i lójú. Òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz wà nínú rẹ̀. Iná bátìrì ló ń mú un gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, gbígbọ̀n yẹn ni aago fi ń mọ àkókò. Ilé iṣẹ́ Citizen ní Japan ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí lábẹ́ orúkọ Miyota, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń to aago. Àwọn ará Ṣáínà náà ń ṣe tiwọn. Èyí tí omi àti eruku kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ju ọdún 10 lọ, bátìrì nìkan ni yóò máa béèrè lẹ́yìn ọdún 2 tàbí 3.

Bátìrì tó ti kú tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ló sábà ń pa á. Omi á máa jò jáde lára rẹ̀, á sì jẹ àwọn wáyà inú ẹ́ńjìnnì. Aago tí ẹ jù sínú dúrọ́ọ̀ lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ṣe tán láti ra bátìrì tuntun, ẹ ní kí aláago bá yín yọ ti àtijọ́ kúrò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti bàjẹ́, kò sí ìdí láti ṣe sáfíìsì irú rẹ̀. Odindi rẹ̀ ni aláago á yọ, á fi òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu sí i, á dá ojú aago àti àwọn ọwọ́ rẹ̀ padà sórí rẹ̀. Ìyẹn á dín owó kù ju kó máa tú u palẹ̀ kó fọ̀ ọ́ lọ.

Ti ọ̀tómátíìkì yàtọ̀. Òun kò ní bátìrì. Bí apá ṣe ń jù ló ń wé sípíríǹgì inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ ju bíi wákàtí 40 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ wọn sílẹ̀. Ẹni tó dè é lọ kírun Jímọ̀, tó bọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó wọ̀, aago ti dúró. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ yí orí rẹ̀, kóró kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, bí ìgbà 20. Tí kò bá gba yíyí, ẹ mì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ́ńjìnnì tó ń lù nígbà 28,800 láàárín wákàtí kan, ọ́ìlì ló gbé e ró, ọ́ìlì sì máa ń gbẹ. Rolex fúnra wọn ní kí àwọn oníbàárà máa gbé aago wá fún sáfíìsì ní bíi ọdún 10 síra. Ẹni tó ra kọ́pì kò gbọdọ̀ fi ọdún 10 yẹn ṣírò. Ìkánjú ni wọ́n fi ń to púpọ̀ nínú wọn. Ọ́ìlì lè má kan ibi tó yẹ, kó sì pọ̀ jù níbòmíràn. Ọ̀kan lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní wàhálà, kí èkejì rẹ̀ láti inú páálí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́yìn ọdún kan.

Ṣé kí ẹ wá náwó sí i? Ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ojú rẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo máa ń wò ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wò ṣe tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ETA 2824 ti Switzerland, ẹ̀yà rẹ̀ wà káàkiri, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣe odindi rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kó jọ ti inú Rolex gan-an, ẹ̀yà rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, aláago tó lè tú u tò kò sì pọ̀. Ẹ béèrè iye méjì: owó sáfíìsì, àti owó ẹ́ńjìnnì tuntun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tó bá kéré ni kí ẹ ṣe. Tí méjèèjì bá ju owó ojúlówó Casio kan lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ ra Casio. Ẹni tó bá sì ta kọ́pì fún yín lówó ojúlówó, jìbìtì ló lù yín.

Ara òde ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin kò sì kà sí ni omi àlùwàlá. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, omi ń dé ọrùn ọwọ́ títí kan ìgúnpá. Wọ́n kọ ọ́ sára aago pé ó lè wọ omi dé mítà 300, ẹni tó ni ín gbà á gbọ́, á tì í sókè díẹ̀, á sì da omi lé e. Rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn ló ń dènà omi, rọ́bà kọ́pì sì lè má bá ojú ibẹ̀ mu rárá. Ẹ bọ́ ọ sápò kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí ìrì ń sẹ̀ sínú gíláàsì, omi ti wọlé nìyẹn. Kí ẹ gbé e lọ fún ṣíṣí àti gbígbẹ lọ́jọ́ náà gan-an, yálà Ìlọrin lẹ wà tàbí Ọ̀fà. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan wà bẹ́ẹ̀, ìpẹtà á ti mú ẹ́ńjìnnì.

Àwọ̀ góòlù ara rẹ̀ náà, òógùn àti ọṣẹ ni yóò bó o. Tí irin abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ síńkì, ẹ má fi ẹ́ńjìnnì tuntun olówó ńlá sínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ irin gidi tí kì í dógùn-ún, ara yẹn lè lo ẹ́ńjìnnì méjì tàbí mẹ́ta, owó tí ẹ ná lé e kò ṣòfò.

Nígbà tí aláago bá fẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ ní kó fi rọ́bà yẹn hàn yín. Tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó ti là, kó pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláago kì í ṣe é àfi tí oníbàárà bá béèrè.